Òjìji Kan Ṣoṣo

Ní Màsífà, nínú yàrá tí kò ní síìlìn,
mo gbé kọ̀ǹpútà lé itan, mò ń ya ilé fún ẹlòmíràn.
Oṣù Ẹrẹ́nà ni. Oòrùn ti ka gbogbo ìṣó orí páànù tán.
Fáànù inú ẹ̀rọ ń mí hẹlẹhẹlẹ
bí ajá ọdẹ tó lé ẹtu tí kò bá a.
Itan mi gbóná. Mo gbé e sórí tábìlì.
Tábìlì gbóná.

Báńkì kan ló kọ́kọ́ lo ẹ̀rọ yìí,
sítíkà wọn ṣì wà nídìí rẹ̀.
Owó ni wọ́n fi ń kà, nínú ẹ̀rọ amúlétutù.
Wọn ò rà á fún ilé yíyà,
wọn ò rà á fún Ògbómọ̀ṣọ́ lọ́sàn-án gangan.

Mo gbé e tọ Múdà lọ ní Tákíè.
Ó tú u palẹ̀, ó fọn atẹ́gùn sí i:
eruku jáde, eruku pupa ọ̀nà Ìlọrin,
irun ológbò (èmi ò sì ní ológbò),
ó fi ọ̀dà funfun bíńtín ra ọkàn rẹ̀.
Ó ní, “Bùọ̀dá, ẹ má jẹ́ kó máa sá gbogbo eré tó mọ̀.
Ẹ fi sí mọ́kàndínlọ́gọ́rùn-ún nínú ọgọ́rùn-ún.
Ẹyọ kan tó kù yẹn ló ń pa á.”
Mo rò pé àwàdà ni. Mo délé, mo yọ ẹyọ kan.
Fáànù dákẹ́ bí ẹni tí wọ́n sọ òótọ́ fún.

Mo tún ṣí ibi ètò àwòrán,
mò ń já ẹrù sílẹ̀ bí ọkọ̀ tí òkè fẹ́ dá padà:
mo pa dídán ara gíláàsì,
mo pa koríko tó ń mì,
mo sọ omi kànga di àwọ̀ lásán,
mo pa òjìji.
Ilé wá dúró gbalaja, ó mọ́ tónítóní,
bí ilé tí oòrùn kò mọ ọ̀nà ibẹ̀.

Màmá Fàdérera ló ni ín, ará Ìjẹrù,
agbẹ̀bí tó ti fẹ̀yìn tì, opó ọdún mẹ́ta.
Ó na ìka sí ojú kọ̀ǹpútà.
“Ilé dára. Máńgòrò mi dà?”
Mo ní, òun nìyí, Mà.
“Igi nìyẹn. Abẹ́ rẹ̀ ni mò ń bèèrè.
Bàbá Ṣọlá kì í jókòó sórí igi.”
Òjìji ni ẹ̀rọ ń pè é.
Ibòòji ni màmá ń pè é.
Mo ní kí wọ́n padà wá ní Ọjọ́bọ̀.

Aago mẹ́ta òru. Nẹ́pà mú iná dé
bí olè tó wá dá ẹrù padà.
Mo gbé ẹ̀rọ lé ìdérí ìgò mẹ́rin, níwájú fèrèsé,
kí afẹ́fẹ́ rí abẹ́ rẹ̀ gbà kọjá.
Gbogbo ohun tí mo pa, mo fi sílẹ̀ ní pípa.
Mo tan òjìji, ti igi kan ṣoṣo.
Ó yà á: ewé kan, ó sinmi,
ewé kan, ó sinmi.
Mò ń fi ẹ̀yìn ọwọ́ bà á
bí a ti ń ba iwájú orí ọmọ tí ibà mú.
Ọgọ́rin. Mẹ́rìnlélọ́gọ́rin. Ó tún padà sí ọgọ́rin.
Kí wọ́n tó pe ìrun ní Sábó, ó ti balẹ̀,
ó tẹ́ pẹrẹsẹ lẹ́bàá ilẹ̀kùn, ó dúdú, ó dà bí ẹni pé ó tutù.

Ní Ọjọ́bọ̀, màmá wò ó títí.
Wọ́n yọ awò ojú, wọ́n nù ún, wọ́n tún wò ó.
“Kò sí àga níbẹ̀.”
Mo ní, Mà, ẹ̀rọ yìí…
Mo pa ẹnu mọ́. Mo fi àga kan sí i,
àga onígi, kékeré, tí kò dán.
Fáànù mí lẹ́ẹ̀kan,
ó dákẹ́.